Nígbà tí Jẹjẹrẹ Kan bá Wọ Inú Kókó Mìíràn

Àrùn jẹjẹrẹ kì í sábà dúró sí ojú kan. Bí kò bá sí ìtọ́jú, horo rẹ̀ wẹ́wẹ́, tí ojú lásán kò lè rí, a máa já kúrò lára kókó àkọ́kọ́, a sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ní ọdún 1889, oníṣègùn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Stephen Paget, yẹ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 735 tí jẹjẹrẹ ọmú pa wò. Ó rí i pé àwọn ẹ̀yà ara kan wà, bí ẹ̀dọ̀, tí àrùn náà ń hù sí ju àwọn mìíràn lọ. Ó fi jẹjẹrẹ wé irúgbìn, ó sì fi ẹ̀yà ara wé ilẹ̀: ibi gbogbo ni irúgbìn lè bọ́ sí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó bá a mu nìkan ni ó ti ń hù.

Nígbà mìíràn, ilẹ̀ náà lè jẹ́ kókó mìíràn tí ó ti wà lára aláìsàn náà tẹ́lẹ̀. Èyí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Kókó kan wà tí ó máa ń hù lára awọ tí ó bo ọpọlọ. Kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń dàgbà. Síbẹ̀, jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró lè wọ inú rẹ̀. Bákan náà ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lè wọ inú jẹjẹrẹ kíndìnrín. Àwọn onímọ̀ rò pé ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn wọ irú kókó bẹ́ẹ̀, àti pípẹ́ tí ó pẹ́ lára, ni ó ń fún irúgbìn náà láàyè.

Nítorí náà, bí kókó titun bá yọ lára ẹni tí a ti tọ́jú fún jẹjẹrẹ rí, dókítà kì í fi ojú lásán dájọ́. Ó lè jẹ́ àrùn àtijọ́ ni ó tàn kálẹ̀. Ó lè jẹ́ àrùn titun tí iṣẹ́ abẹ lè mú kúrò. Ó sì lè jẹ́ méjèèjì pọ̀. Ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà. Dókítà yóò gé díẹ̀ lára kókó náà, a ó sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó tọ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pa káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ mọ́, kí ó sì sọ ìtàn àìsàn rẹ̀ fún dókítà, ìbáà ti tó ọdún 10. Kí ó má ṣe dúró de ìrora, nítorí ọ̀pọ̀ kókó kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò.