Ẹṣin Odò Tàbí Erin Omi?

Ní abala ẹ̀kọ́ èdè ti ìtẹ̀jáde yìí, àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Gíríìkì wá ni a fẹ́ yẹ̀ wò, pàápàá àwọn tí wọ́n gùn tí wọ́n sì ń fọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní lórí. Ohun tí ó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ náà nìyí.

Ní sáà tí ó kọjá, àbúrò wa kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé ìwé olójú ewé mẹ́rin wá sí ibi tí a ti ń kàwé lálẹ́. Ó to ọ̀rọ̀ sí apá òsì, ó kọ ìtumọ̀ wọn sí apá ọ̀tún, ó sì ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, hepatitis àti nephritis ti dàrú mọ́ ọn lójú. "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ló jọra," ni ó wí. A dá a lóhùn pé kò le rárá: hepar ni àwọn Gíríìkì ń pe ẹ̀dọ̀, nephros ni wọ́n ń pe kíndìnrín. Ó wò wá títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀dọ̀?" Ọmọ tí ó ti ń jẹ ẹ̀dọ̀ nínú ọbẹ̀ láti kékeré! A bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn bi wá pé kí ni Yorùbá ń pe gall bladder, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ń kọ́ni sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá ọ̀kan nínú wa ní Kàdúná ni a pe lórí fóònù ní aago mẹ́wàá alẹ́ kí a tó gbọ́ pé òróòro ni.

Ìṣòro àwa tí a bí sí Òkè Ọya nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kàwé, Haúsá ni a fi ń nájà, Yorùbá wá di èdè "ẹ káàárọ̀" àti "wá jẹun." Bí ọ̀rọ̀ ìwé bá le, a kì í rí ibi fẹ̀yìn tì. A sì ti wá rí i pé ọ̀nà tí àwọn Gíríìkì ń gbà so ọ̀rọ̀ pọ̀ kò jìnnà sí tiwa.

Ẹ mú alphabet. Alpha ni lẹ́tà wọn kìíní, beta ni ìkejì. Yorùbá náà ka A, B, D, ó pè é ní ábídí. Ẹ mú hippopotamus. Hippos ni ẹṣin, potamos ni odò, nítorí náà ẹṣin odò ni ẹranko náà lójú wọn. Àwọn baba wa rí ẹranko kan náà, wọ́n ní erin ni, erin inú omi, wọ́n pè é ní erinmi. Lójú tiwa, àwọn baba wa ló ríran jù. Ta ni yóò wo ikùn yẹn tí yóò pè é ní ẹṣin?

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìwé àbúrò wa. Bí ẹ bá rí -itis ní ìparí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn, ẹ̀yà ara kan ti wú, ó sì ń gbóná. Hepar máa ń di hepat- bí a bá so ó mọ́ nǹkan, hepatitis sì jẹ́ ẹ̀dọ̀ wíwú. Kí ni Yorùbá ń pè é? Àrùn mẹ́dọ̀wú, èyí tí ó mú ẹ̀dọ̀ wú. Eyọ kan kò yẹ̀ níbẹ̀! Gaster ni ikùn, arthron ni oríkèé, derma ni awọ ara. Gastritis, arthritis àti dermatitis kò tún nílò kí a há wọn sórí mọ́. Òróòro tí ó dójú tì wá, chole ni wọ́n ń pè é. Àwọn oníṣègùn wọn àtijọ́ gbà pé òróòro dúdú ní ń fa ìbànújẹ́ ọkàn. Melas ni dúdú, ibẹ̀ sì ni melancholy ti wá.

Iwájú ọ̀rọ̀ náà ní tirẹ̀. A- tàbí an- ti Gíríìkì ń ṣe iṣẹ́ tí àì- ń ṣe fún wa. Onyma ni orúkọ, anonymous sì ni aláìlórúkọ. Haima ni ẹ̀jẹ̀. Bí a bá tú anaemia, àìlẹ́jẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìtó ẹ̀jẹ̀ ni dókítà ń sọ. Atom ni ohun tí kò ṣeé gé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rò nígbà náà. Wọ́n ti gé e láti ìgbà yẹn. Syn- ní tirẹ̀ dà bí "bá" wa. Pathos ni ìrora, sympathy sì ni ìbákẹ́dùn. N inú syn- di m níwájú p, gẹ́gẹ́ bí ti "ń bọ̀" ṣe ń di m lẹ́nu wa.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ni àwọn Gíríìkì àtijọ́ sọ. Wọn kò ní fóònù. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ni wọ́n mú tele, ọ̀nà jíjìn, àti phone, ohùn, tí wọ́n fi sọ ohun tuntun lórúkọ. Ní 1876 ni Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ lórí tirẹ̀. Àwọn àgbà wa ṣe irú rẹ̀: wọ́n pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, wọ́n pe tẹlifíṣọ̀n ní amóhùnmáwòrán. Jíjìn ni Gíríìkì ń wò, ìwà ẹ̀rọ náà ni àwa ń wò.

Pharmakon ni èyí tí a fẹ́ràn jù. Ó jẹ́ egbòogi tí ń woni sàn, ó jẹ́ májèlé, ó tún jẹ́ èèdì. Gẹ̀ẹ́sì mú pharmacy níbẹ̀, ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ sọ "oògùn" létí ìyá àgbà yín, kí ẹ wo bí yóò ti kọ́kọ́ bèèrè irú èyí tí ẹ ń wí.

Kí ẹ ṣọ́ra o. Ped- inú pediatrics, ọmọdé ni, ti Gíríìkì ni. Ped- inú pedestrian, ẹsẹ̀ ni, ti Látìn ni. A ti rí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìdánwò pé pediatrics ni ìtọ́jú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ yín nìyí. Mikros ni kékeré, skopein ni kí a wo nǹkan. Ge ni ilẹ̀, graphein ni kí a kọ̀wé. Demos ni aráàlú, kratos ni agbára. Philos ni ọ̀rẹ́, sophia ni ọgbọ́n. Ẹ tú microscope, geography, democracy àti philosophy palẹ̀, kí ẹ kọ Yorùbá wọn sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹni tí kò bá rí i, kí ó pe ilé.