Wákàtí orí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kọ́ ni gbogbo ìrìnàjò

Ẹ jẹ́ ká ní oníṣòwò kan ń ta gàrí àti láfún n'Ígbó-Ọrà, kọ́sítọ́mà tuntun kan l'Ábùjá wá ní kó máa bọ̀ kí àwọn jọ sọ̀rọ̀ owó ní aago 11 àárọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ló máa kọ́kọ́ wò: Èkó sí Àbùjá, bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Á ní kò sí wàhálà, òun á lọ, òun á sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti máa ń dojú rú.

Láti pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà sí ti Nnamdi Azikiwe l'Ábùjá, bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 510. Bàálù ńlá máa ń sá tó kìlómítà 800 ní wákàtí kan tó bá ti dé òkè. Bí a bá pín in, kò pé ìṣẹ́jú 40. Ibo wá ni ìyókù ń lọ? Ìgbà tí bàálù bá kúrò níbi tó dúró sí ni tíkẹ́ẹ̀tì ti ń ka àkókò, títí tó fi máa dúró níbi tó ń lọ. Ó máa ń tò kó tó gbéra, kì í sì í sáré púpọ̀ nígbà tó bá ń gòkè tàbí tó bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Láti Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù sí Charles de Gaulle ní Párìsì kò ju nǹkan bíi kìlómítà 350 lọ, síbẹ̀ àkókò orí tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Èkó sí Àbùjá dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ibẹ̀ fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin, tó ń lo wákàtí méjì lé díẹ̀ láti àárín ìlú kan sí àárín ìlú kejì.

Kò sí irú ọkọ̀ ojú irin bẹ́ẹ̀ láti Ìbàràpá sí Àbùjá. Igbó-Ọrà sí Ìkẹjà, gba Abẹ́òkúta àti Ṣàngó, ju kìlómítà 100 lọ. Ká fún un ní wákàtí mẹ́ta nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Kí èèyàn dé pápákọ̀ ní wákàtí kan àti ààbọ̀ ṣáájú. Bàálù gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Láti pápákọ̀ Àbùjá wọ àárín ìlú, wákàtí kan. Gbogbo rẹ̀ di wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 45, ìyẹn ni pé aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 15 ìdájí ló gbọ́dọ̀ kúrò nílé. Bí bàálù bá wá fi wákàtí kan péré pẹ́, ìpàdé ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́n á lọ sùn sí Ìkẹjà lálẹ́ àná, owó òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ á sì wọ inú ìnáwó. Bí kò bá ti kà á mọ́ iye tó fẹ́ ta ọjà, inú èrè rẹ̀ ni yóò ti san án.

Fún ará Èrúwà, pápákọ̀ Aláàkíà n'Íbàdàn sún mọ́ ọn jù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ sí Àbùjá kò ju nǹkan bíi kìlómítà 400 lọ. Àmọ́ bàálù ibẹ̀ kì í pọ̀ bíi ti Èkó, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá èyíkéyìí ń gbéra lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ.

Àwọn tó ń gbé ọjà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní tiwọn láti kíyè sí: aago. Èkó síbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 5,000, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni tíkẹ́ẹ̀tì ń kọ. Láti ìparí oṣù Kẹwàá sí ìparí oṣù Kẹta, aago wọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Bàálù tó bá gbéra l'Ékòó ní aago 11 alẹ́ á balẹ̀ ní aago 4:30 ìdájí tiwọn, nígbà tí tiwa jẹ́ 5:30. Lẹ́yìn oṣù Kẹta, aago méjèèjì á tún dọ́gba.