Àwọn Ọba Égíptì àti Ibojì Tí Ó Ṣófo



Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2021, a fi ọlá ńlá gbé òkú 22, ọba 18 àti ayaba 4, láti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan lọ sí òmíràn ní Káírò, olú-ìlú Égíptì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá san owó ìwọlé lè rí níbẹ̀ àwọn tí orílẹ̀-èdè ń wárìrì fún nígbà kan rí, tí wọ́n dùbúlẹ̀ nínú àpótí gíláàsì. Ọ̀kan nínú wọn ni Ramesses Kejì, tí ó jọba fún nǹkan bí ọdún 66. Àwọn kan a máa wí pé òun ni Fáráò ìgbà ayé Mósè. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kò dárúkọ Fáráò náà, kí a má sì fi ohun tí kò dájú kún ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀kọ́ tí ó dájú.

Àwọn ará Égíptì gbà pé bí ara bá jẹrà, ẹ̀mí kò ní rí ibùgbé mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi 70 ọjọ́ tọ́jú òkú ọba: wọn a fi iyọ̀ gbẹ ẹ́, wọn a fi òróró olóòórùn dídùn pa á, wọn a sì fi aṣọ ọ̀gbọ̀ wé e. Wọn a da ọpọlọ nù, ṣùgbọ́n wọn a fi ọkàn sílẹ̀ ní àyè rẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé a ó gbé ọkàn náà lé òṣùwọ̀n, a ó sì fi ìyẹ́ òtítọ́ wọ̀n ọ́n. Àwọn tí kò tíì gbọ́ Ìhìnrere pàápàá mọ̀ pé ìdájọ́ ń bẹ, àti pé kì í ṣe adé ọba ni a ó gbé lé òṣùwọ̀n náà.

Ibi tí wọ́n gbé ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ọrọ̀ lè bá òkú lọ. Ní ọdún 1922, Howard Carter, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ibojì Tutankhamun. Ohun tí a kó sínú rẹ̀ lé ní 5,000. Pósí mẹ́ta ni ó wà nínú ara wọn. Èyí tí ó wà ní inú pátápátá jẹ́ ògidì wúrà, ó sì wúwo tó kílógíráàmù 110. Ọba náà kò ju ẹni ọdún 19 lọ nígbà tí ó wàjà. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò kéde pé àwọn rí àmì kòkòrò ibà nínú rẹ̀, irú ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri láàárín wa títí di òní. Nínú ibojì kan náà ni pósí kékeré méjì wà, tí òkú ọmọ-inú méjì wà nínú wọn. A gbà pé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n. A kò sọ wọ́n nù. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni a tẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wúrà Égíptì kò lè dá ẹ̀mí bàbá sí, kò sì lè dá ti àwọn ọmọ sí.

Ramesses ńkọ́? Àwọn olè fọ́ ibojì rẹ̀. Àwọn àlùfáà ìgbàanì sì gbé òkú rẹ̀ pamọ́ sí ibòmíràn pẹ̀lú ti àwọn ọba yòókù, títí a fi kó wọn jáde ní ọdún 1881. Awáyé-má-kú kò sí.

Ẹ fi wọ́n wé Jósẹ́fù ọmọ Jákọ́bù. Òun náà di ẹni ńlá ní Égíptì, a sì tọ́jú òkú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ náà (Jẹ́nẹ́sísì 50, 26). Ṣùgbọ́n ìlérí Ọlọ́run ni ó gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe ibojì. Ó mú kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì búra pé wọn yóò kó egungun òun lọ, Mósè sì kó o (Ẹ́ksódù 13, 19). Ní Jerúsálẹ́mù, ibojì mìíràn wà tí àwọn ènìyàn ń ti òpin ayé wá wò, kì í ṣe nítorí wúrà, kì í ṣe nítorí òkú ọba, bí kò ṣe nítorí pé ó ṣófo.

Ǹjẹ́ àwa tí a gbàgbọ́ nínú àjíǹde ara, báwo ni a ti ń sin òkú wa? Ó tọ́ kí a bu ọlá fún ara tí ó ti jẹ́ tẹ́ḿpìlì Ẹ̀mí Mímọ́. Ṣùgbọ́n bí pósí olówó ńlá, aṣọ ẹbí àti àsè bá sọ opó di onígbèsè, tí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ òrukàn sì bá a lọ, ní kí ni a fi sàn ju àwọn ará Égíptì lọ? Àwọn tilẹ̀ ṣe tiwọn kí òkú lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Àwa ń ṣe tiwa nítorí ojú ayé. Ohun tí ó ń ran òkú lọ́wọ́ ni Ẹbọ Mísà Mímọ́, àdúrà àti ìtọrẹ àánú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a sì ń gbàgbé ìwọ̀nyí nígbà tí àsè bá ti parí.

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá dé irú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe fi òkú ṣe ẹ̀rín. Ènìyàn tí Ọlọ́run dá ni wọ́n. Kí ó ya àmì àgbélébùú, kí ó sì fi wọ́n lé àánú Rẹ̀ lọ́wọ́. Àwa tí a wà nílé, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ìdílé ka Rósárì kan ní ọ̀sẹ̀ yìí fún àwọn òkú rẹ̀, kí wọ́n dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Kí àwọn àgbà sì sọ fún àwọn ọmọ wọn, nígbà tí ẹnu ṣì ń sọ̀rọ̀, pé Mísà ni àwọn ń fẹ́, kì í ṣe gbèsè. Ayé lọjà, ọ̀run nilé.