Denali: Òkè Kan, Orúkọ Méjì

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa orúkọ nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, orúkọ ènìyàn la sábà máa ń gbájú mọ́. Ẹ jẹ́ kí a yà sí orúkọ ilẹ̀ lónìí. Òkè tó ga jù lọ ní Àríwá Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ibi tó wà

Ìpínlẹ̀ Alaska ni Denali wà. Gíga rẹ̀ láti ìtẹ́jú òkun jẹ́ mítà 6,190. Everest ga jù ú lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ tó ti ga tẹ́lẹ̀ ni Everest dúró lé. Ní ti Denali, láti ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ṣóńṣó orí rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 5,500. Ìdí nìyí tí àwọn ará agbègbè náà fi ń rí i láti ọ̀nà jíjìn. Nítorí pé ó súnmọ́ òpin àríwá ayé, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ fúyẹ́ ju ti òkè tó ga bákan náà ní ilẹ̀ olóoru lọ.

Àwọn tó gùn ún

Ní 1906, Frederick Cook kéde pé òun ti dé orí rẹ̀. Irọ́ ni. Orí òkè kékeré kan tó jìnnà síbẹ̀ ló ti ya fọ́tò tó fi ṣe ẹ̀rí. Orí méjì ni Denali ní. Ti àríwá rẹlẹ̀ ju ti gúúsù lọ. Ní 1910, Billy Taylor àti Pete Anderson, tí wọ́n ń wa wúrà, gun ti àríwá, wọ́n sì ri òpó igi ẹsẹ̀ bàtà 14 mọ́ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà wọ́n gbọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 1913, àlùfáà Hudson Stuck, Harry Karstens, Robert Tatum àti Walter Harper dé orí gúúsù, òkè téńté. Harper, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Koyukon, ló kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Lójú ọ̀nà, wọ́n rí òpó igi ọjọ́sí tó ṣì wà ní ìdúró. Barbara Washburn ni obìnrin àkọ́kọ́ tó débẹ̀, ní 1947.

Orúkọ rẹ̀

Àwọn Koyukon ń pè é ní Deenaalee, ìyẹn "èyí tó ga". Àwọn Dena'ina tó wà ní gúúsù ń pè é ní Dghelay Ka'a, "òkè ńlá". Ẹbí èdè kan náà, Athabaskan, ni èdè méjèèjì, ìrísí òkè náà ni orúkọ méjèèjì sì ń sọ. Ní 1896, William Dickey, òun náà tó ń wa wúrà, sọ ọ́ ní McKinley, orúkọ ẹni tó ń du ipò ààrẹ nígbà náà. McKinley kò dé Alaska rí. Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìdìbò ni Dickey wò.

Nínú ìwé tó kọ ní 1914, Stuck bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá orúkọ àwọn onílẹ̀ padà. Ìjọba Alaska gba Denali ní 1975. Ti àpapọ̀ gbà á ní 2015, lábẹ́ Obama. Ní oṣù Kìíní 2025, Trump pàṣẹ pé kí ó tún di McKinley.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀

Òfin lè pààrọ̀ ohun tó wà lórí àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pààrọ̀ ohun tí ẹlẹ́nu ń fi ẹnu rẹ̀ pè. Èmi kò rò pé àṣẹ ìjọba ni ewu tó tóbi jù. Àwọn tó ń sọ Koyukon kò pọ̀ mọ́, àgbàlagbà sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Bí èdè náà bá kú, Denali yóò wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí yóò gbọ́ "gíga" nínú rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ gba èdè sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ má fi mọ sí orí, ojú àti imú nìkan. Ẹ bi àwọn àgbà ní orúkọ òkè àti odò wọn, ẹ fi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.