Ẹ Rọra Pẹ̀lú Abẹ́rẹ́ Yẹn

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Mowe, ní Ibafo àti ní Ifọ̀, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé inú máa ń bí ẹlòmíràn nínú yín bí àgbà bá ti lahùn lórí ẹran tí ẹ fi owó yín rà. Ẹ ṣáà gbọ́ ná. Guinea pig tí mò ń rí nínú ilé yín báyìí, èyí tí àwọn kan ń pè ní ẹmọ́ òyìnbó, ẹ ti kó o mọ́ ewúrẹ́ àti ajá. Ohun tó bá wo ewúrẹ́ sàn, ẹ gbà pé yóò wo òun náà sàn.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹran á ká jọ sí kọ̀rọ̀, irun rẹ̀ á dìde. Bó bá fẹ́ tọ̀, á ké fín-ín, ìtọ̀ á kán díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wà lórí aṣọ tí ẹ tẹ́ sínú àgò. Ẹni tó ni ín á sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹran létí ọ̀nà márosẹ̀. Ọmọ tó ń ta ọjà níbẹ̀ kò ní béèrè ju "ẹran wo ni?" lọ tí á fi na ìgò pen-strep sí i. Bí ara ẹran bá fúyẹ́ fún ọjọ́ kan, wọ́n á tún gún un nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá padà. Títí oṣù á fi parí, abẹ́rẹ́ ni.

Pen-strep yìí gan-an ni mo ń bá jà. Penicillin àti streptomycin ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó bá guinea pig lára mu nínú méjèèjì. Kòkòrò rere ló ń bá ẹran yìí da koríko nínú ìfun. Penicillin á pa wọ́n, kòkòrò burúkú á gba ibùjókòó wọn, oró á kún inú ara, ìgbẹ́ gbuuru á dé, ẹran lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀yin á ní àpò ìtọ̀ ló pa á. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun o: láti 1943 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé penicillin ń pa guinea pig. Nígbà tí Howard Florey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford kọ́kọ́ dán oògùn náà wò ní May 25, 1940, eku mẹ́jọ ni wọ́n lò. Ká ní guinea pig ni wọ́n mú lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dà á nù.

Àpò ìtọ̀ tó wú tí kò sàn, kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló ń fà á. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ abo kúrú, ó sì sún mọ́ ihò ìdí, nítorí náà kòkòrò inú ìgbẹ́ tètè ń wọlé. Ti ẹlòmíràn, òkúta ló wà nínú àpò náà tó ń ha á lára. Abẹ́rẹ́ kankan kò lè yọ òkúta, iṣẹ́ abẹ ni. Àwọn kan sì wà tí wọn kò ní kòkòrò, tí wọn kò ní òkúta, síbẹ̀ awọ inú àpò ìtọ̀ ń bó, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò ìtọ̀ àti x-ray ló ń sọ èyí tó jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ìtọ̀ tó funfun bí omi ẹ̀kọ dẹ́rù bà yín ṣáá, torí ìtọ̀ wọn kì í mọ́ gaara bíi tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí oúnjẹ, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ wà. Layers mash ni ẹ ń fún wọn, nítorí pé ó wà nílé fún adìẹ. Adìẹ tó ń yé ẹyin ni wọ́n po oúnjẹ yẹn fún! Wọ́n da òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná sí i, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960, kí èèpo ẹyin lè le. Calcium inú rẹ̀ máa ń tó ìdá mẹ́ta àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún; ohun tí guinea pig nílò kò tó ìdá kan. Guinea pig kò yé ẹyin. Inú ìtọ̀ ni ara rẹ̀ ń da èyí tó ṣẹ́ kù sí, níbẹ̀ ló sì ti lè di erùpẹ̀, kó di òkúta. Koríko tútù àti koríko gbígbẹ ni kó pọ̀ jù lọ nínú oúnjẹ rẹ̀, kí omi má sì wọ́n ọn. Ẹ fi gúáfà sí i, torí bíi tàwa èèyàn, ara ẹran yìí kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀. Tí kò bá rí i jẹ, ara rẹ̀ kò ní lágbára láti mú egbò kankan jinná.

Ṣé kò wá sí abẹ́rẹ́ tó dára ni? Ó wà. Bó bá jẹ́ kòkòrò ni, dókítà ẹran lè lo enrofloxacin, tàbí kó fún un ní oògùn olómi irú èyí tó wà nínú Septrin. Ẹ wo bí ìwọ̀n rẹ̀ ti kéré tó: bí dókítà bá ní 5 mg, tí ìgò abẹ́rẹ́ sì ní 100 mg nínú mílílítà 1, ẹ̀kán kan péré ni. Sírínjì tí ẹ fi ń gún ewúrẹ́ kò lè wọn ìyẹn. Dókítà á tún fi omi iyọ̀ là á, torí ó ń ta, ó sì lè mú awọ dégbò. Enrofloxacin tí ẹ ń dà sínú omi adìẹ, ẹ má fà á sínú abẹ́rẹ́ láé. Fún èyí tí kò ní kòkòrò tí kò sì ní òkúta, àwọn dókítà kan lókè òkun ń lo pentosan, oògùn tí wọ́n ṣe fún oríkèé ajá, láti fi ran awọ inú àpò ìtọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á gún un sábẹ́ awọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á wá máa fà á jìnnà síra, pẹ̀lú meloxicam fún ìrora. Kì í ṣe oògùn ọjọ́ kan, ẹ̀yin ọmọ yìí kò sì fẹ́ràn sùúrù.

Ilé ìwòsàn ẹran ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Alábàtà, l'Abẹ́òkúta. Ará Ifọ̀ á gba Pápáláńtò àti Ewékorò lọ; ará Mowe àti Ibafo á yà ní Ṣágámù. Ti Yunifásítì Ìbàdàn náà wà. Ẹ mú àpò oúnjẹ rẹ̀ dání kí dókítà fojú ara rẹ̀ rí i, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ohun tí ẹ ti gún sí i lára, bó ti wù kó tì yín lójú tó. Ẹ fi koríko sínú páálí tí ẹ gbé e sí, kò gbọdọ̀ febi rìn. Tó bá jẹ́ Mowe lẹ ti ń bọ̀, ẹ má mú ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, torí èrò tó ń lọ sí ìsìn ní Redemption Camp kò ní jẹ́ kí ẹ débẹ̀ bọ̀rọ̀.