Ọ́ìlì ń jò lára ọkọ̀ òwò yín? Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n sọ gíá kalẹ̀

Bí ẹ bá wa ọkọ̀ kúrò níbi tó sùn sí mọ́jú, tí ẹ wá rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, tó sì ń dán, àyà yín á já. Ó yẹ kó já lóòótọ́. Ẹni tó ń kó gàárì láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Èkó, ẹni tó ń já búrẹ́dì láti Òkè-Ajé títí dé Ìbàdàn Gáréèjì, ẹni tó ń gbé kúlà àti àga lọ sí òde ìnáwó, ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn bá dúró ni ọjà wọn náà dúró. Àmọ́ kì í ṣe ọ́ìlì tó ń kán yẹn ló máa ń jẹ owó jù. Ohun tó ń jẹ owó ni kí wọ́n máa tún ibi tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ẹ ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Mẹkáníìkì á bẹ̀rẹ̀, á wo abẹ́ ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, á nu ọwọ́, á ní: "Mọ̀mí, síìlì ẹ̀yìn ló ti lọ. A máa sọ gíá kalẹ̀." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì kì í dúró síbi tó ti jáde. Ó ń ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn ojú ọ̀nà sì ń fẹ́ ẹ sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá ń sáré. Èyí tó jáde lókè pátápátá, lábẹ́ ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, lè gba ara ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ kó wá máa kán níbi tí ẹ́ńjìnnì àti gíá ti pàdé, gẹ́lẹ́ bí ìgbà tí síìlì ẹ̀yìn bá ń jò. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí tápẹ́ẹ̀tì kì í ju iṣẹ́ wákàtí bíi méjì lọ lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ti síìlì ẹ̀yìn lè gba odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì ju owó síìlì fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yìí lè jẹ́ èrè oṣù kan fún oníṣòwò kékeré.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń kán. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ lálẹ́, kí ẹ wò ó láàárọ̀. Bó bá jẹ́ omi lásán, tí ẹ sì lo ẹ̀rọ amútútù lánàá, kò sí nǹkan kan. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń ní àwọ̀ oyin bó bá ṣì tuntun, á sì dúdú bó bá ti pẹ́. Èyí tó pupa tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ sábà máa ń jẹ́ ọ́ìlì gíá ọ̀tọmátíìkì tàbí ti ìdarí ọkọ̀. Èyí tó pupa tàbí tó dà bí ewé, ṣùgbọ́n tó rọ̀ bí omi, omi rédíétọ̀ ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀bá táyà ló ti ń kán, tó mọ́ tàbí tó pọ́n díẹ̀, ó lè jẹ́ ọ́ìlì búrékì. Ẹ má wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ síbì kankan.

Bó bá dá yín lójú pé ti ẹ́ńjìnnì ni, ìwẹ̀ ló kàn. Kò sẹ́ni tó lè mọ orísun ọ́ìlì lára ẹ́ńjìnnì tí ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì ọdún mẹ́ta ti dì mọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ fi ọ̀rá di ọ̀tánétọ̀ àti ẹnu ibi tó ti ń fa atẹ́gùn, kí ẹ wá fi ọṣẹ oníyẹ̀fun àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ o. Iná tí í bẹ́ níbẹ̀ kì í kìlọ̀. Bó bá ti gbẹ, ẹ tú ọ̀rá yẹn, kí ẹ bu páúdà ara díẹ̀ sí àwọn ibi tí ẹ ń fura sí, kí ẹ tan ọkọ̀ náà fún bí ìṣẹ́jú ogún. Bí ẹ kò bá rí nǹkan, ẹ wà á dé Ìjẹ̀bú-Igbó kí ẹ padà. Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wò ó láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tó ga jù tí páúdà ti rẹ̀ ni kí ẹ mú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí owó rẹ̀ kéré. Ìdérí ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí lè ti sọ rọ́bà rẹ̀ nù. Fílítà lè má fún dáadáa, tàbí kí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ ti gbàgbé rọ́bà ti àtijọ́ sídìí ẹ́ńjìnnì, kó wá fi tuntun lé e lórí. Nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí a fi ń yọ ọ́ìlì lè nílò wáṣà tuntun. Ohun kékeré kan tún wà tó ní wáyà lórí, òun ló ń tan iná ọ́ìlì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Òun náà máa ń jò bó bá ti gbó.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í dé, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wọ́n débẹ̀ ṣáájú síìlì èyíkéyìí. Ẹ́ńjìnnì ń mí. Atẹ́gùn gbígbóná díẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìn sá wọ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, fáàfù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PCV sì wà níbẹ̀ láti fà á jáde kó lè padà lọ jóná. Bí ìdọ̀tí bá dí fáàfù yìí, atẹ́gùn á há sínú, á wá máa ti ọ́ìlì jáde níbi tó bá rọ̀ jù. Wọ́n á pààrọ̀ síìlì, yóò gbẹ fún oṣù méjì, yóò tún bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì máa sọ pé ayédèrú ni síìlì tí wọ́n tà fún yín. Ẹ ní kí wọ́n tú fáàfù náà. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ẹ bá mì ín, ó yẹ kó máa ró wọ́rọ́wọ́rọ́. Bí kò bá ró, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Bó bá kan gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, ooru ló sọ ọ́ di líle. Ẹ ra tuntun, ẹ má gbà kí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù kùn ún káàkiri. Gọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ jù máa ń já sínú ẹ́ńjìnnì, á lọ dí asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì mu, ìyẹn sì lè pa ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì jíjò kò pa. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fún bóòtù rẹ̀ bí ẹni ń fún nọ́ọ̀tì táyà. Díẹ̀díẹ̀ ni, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́.

Àwọn kan á ní kí ẹ bu ọ́ìlì tó ki sí i kó má baà jò. Ó lè dín in kù, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kọ VVT-i sí lórí ẹ́ńjìnnì ń lo ọ́ìlì láti fi darí fáàfù wọn, ọ̀nà tó ń gbà sì tóóró. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Toyota Sienna ọdún 2007 sí 2010, tiyín yàtọ̀. Páìpù ọ́ìlì kan wà lára ẹ́ńjìnnì V6 yẹn, lẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ ṣéènì, tí wọ́n fi rọ́bà ṣe àárín rẹ̀. Rọ́bà yìí lè bẹ́ lójijì, kí ọ́ìlì sì tú jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Toyota fúnra wọn gbé páìpù tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ jáde láti fi rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá ra tòkunbọ̀, ẹ má rò pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wò ó kí ọkọ̀ tó tún gba ojú ọ̀nà márosẹ̀.

Ṣé gbogbo ọ́ìlì tó ń jò ló yẹ kí a tún ṣe lónìí? Rárá. Ẹ wo gééjì rẹ̀ láràárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, láti àmì òkè dé àmì ìsàlẹ̀ jẹ́ bíi lítà kan. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń làágùn, tí kò sọ̀kalẹ̀ láàárín oṣù kan, ẹ lè fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń lọ lítà kan lọ́sẹ̀, lítà 52 nìyẹn lọ́dún. Ẹ́ńjìnnì tó ń gba lítà 4 nígbà sáfíìsì, ẹ ti da ọ́ìlì sáfíìsì 13 sílẹ̀. Ẹ fi iye tí lítà kan jẹ́ lọ́jà ṣírò rẹ̀, kí ẹ fi wé owó iṣẹ́.

Bó bá jẹ́ orí irin èéfín tó gbóná ló ń kán sí, ẹ má ṣírò ohunkóhun, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ náà, torí ó lè gbiná. Bí iná ọ́ìlì pupa bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ pa ọkọ̀ náà níbẹ̀. Iná yẹn kì í sọ pé ọ́ìlì ti ń dín kù; ohun tó ń sọ ni pé agbára tó fi ń ti ọ́ìlì kiri ti lọ. Bí ẹ bá wà á dé Ṣàgámù bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè ti nọ́ọ̀kì.

Bó bá wá jẹ́ síìlì ẹ̀yìn lóòótọ́, tí kò sì pọ̀, tí kílọ́ọ̀ṣì sì ti ń rẹ̀ ẹ́, ẹ lè ní sùúrù di ọjọ́ tí wọ́n máa sọ gíá kalẹ̀ nítorí kílọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n ṣe méjèèjì pọ̀ ní owó iṣẹ́ kan. Ẹ ra síìlì náà fúnra yín, kí ẹ gba ti àtijọ́ padà lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kí ẹ sì tún tẹ́ páálí yẹn sábẹ́ ọkọ̀ fún òru mẹ́ta kí ẹ tó san owó tó kù.