Èwo Nínú Sitẹ́rọ́ìdì Ló Yẹ Kí Alásímà Bẹ̀rù?

Lẹ́tà tí ẹ kọ lórí ásímà lóṣù yìí pọ̀ ju ohun tí ojú ìwé wa lè gbà lọ. Mẹ́rin ni mo mú, mo sì ti yọ orúkọ kúrò nínú wọn. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀, kó ka ti ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ò jìnnà síra.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọmọkùnrin mi pé ọdún mẹ́sàn-án. Dókítà kọ ìnhélà aláwọ̀ búráùn fún un, ó ní kó máa fà á láàárọ̀ àti lálẹ́, kódà nígbà tí ara rẹ̀ bá le. Ìyá ọkọ mi pè láti Ìbàdàn, wọ́n ní sitẹ́rọ́ìdì ni, pé ọmọ náà ò ní ga mọ́, pé yóò kàn máa wú ni. Mo ti gbé e pamọ́. Ìnhélà búlúù nìkan ló ń lò báyìí, ó sì ń mú un fúyẹ́. Ṣé mo ṣe dáadáa? (Ìyá kan ní Blanchardstown)

ÌDÁHÙN: Rárá o, ìyá wa. Ẹ gbé e jáde lálẹ́ òní.

Ẹ má sì torí rẹ̀ bá Màmá jà. Wọn ò parọ́, òògùn mìíràn ló wà lọ́kàn wọn. Àwọn àgbà wa nílé ti rí ẹni tó gbé prednisolone, hóró sitẹ́rọ́ìdì, mì fún oṣù gbọọrọ, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, tí ikùn rẹ̀ yọ síta. Wọ́n ti rí ohun tí ìpara abóra tó ní sitẹ́rọ́ìdì nínú fi awọ ẹlòmíràn ṣe. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Ara ẹ̀dá fúnra rẹ̀ ń ṣe irú sitẹ́rọ́ìdì yìí lójoojúmọ́, nínú ohun kékeré kan tó jókòó sórí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 1948 ni Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic, Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fún aláìsàn làkúrègbé ní cortisone, ọ̀kan nínú irú sitẹ́rọ́ìdì náà. Ìyanu ló jọ lójú wọn, wọ́n sì gba Ẹ̀bùn Nobel lé e lórí lọ́dún 1950. (Láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ara iṣu igbó kan ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti ń rí èròjà tí wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe iṣu tí à ń gún níyán o, ẹ má bẹ̀rù.) Kò pẹ́ tí ìyọnu rẹ̀ fi jáde. Òògùn tí a bá gbé mì, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, ibi gbogbo ló sì ń dé: egungun, ojú, awọ, ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí ìnhélà sitẹ́rọ́ìdì beclometasone, tó jáde lọ́dún 1972, fi jẹ́ ìtura ńlá fún alásímà. Inú ẹ̀dọ̀fóró tàrà ló ń gbé òògùn lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì kéré débi pé maikirogíráàmù ni wọ́n fi ń kà á. Ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú mílígíráàmù kan ṣoṣo. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ fún irú ọmọ yín kò ju maikirogíráàmù 100 sí 200 lọ lójúmọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gíga. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó lo budesonide, ìnhélà sitẹ́rọ́ìdì mìíràn, fún ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà títí wọ́n fi di àgbà. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2012: ní ìpíndọ́gba, wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 1.2 kúrú sí àwọn tí kò lò ó. Ọdún àkọ́kọ́ àti ìkejì ni ìdínkù yẹn ṣẹlẹ̀, kò sì ń pọ̀ sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹ fi ìka yín wọn sẹ̀ǹtímítà kan wò. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí pé ásímà tí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà máa ń dí ìdàgbàsókè ọmọ lọ́wọ́, torí ọmọ tó ń húkọ́ lóru kì í sùn. Ẹ ní kí dókítà máa wọn gíga rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ó sì dín òògùn náà kù bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀.

Búlúù tí ẹ fẹ́ràn yẹn kì í wo ásímà. Iṣan tó fún ọ̀nà èémí pọ̀ ló ń tú sílẹ̀, fún wákàtí díẹ̀. Wíwú inú ọ̀nà èémí àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó dí i ṣì wà níbẹ̀. Láti ọdún 2019 ni GINA, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà lórí ásímà, ti sọ pé kí wọ́n má fi búlúù nìkan tọ́jú àgbà tàbí ọ̀dọ́ kankan mọ́.

Kí ọmọ máa fà á láti inú spacer, ike gbọọrọ tí wọ́n ń fi ìnhélà bọ̀ nídìí. Tó bá ti fà á tán, kó fi omi fọ ẹnu, kó tu ú dànù, kó tó lọ sùn.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nílé àwọn arúgbó. Lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ti fún mi ní prednisolone, hóró mẹ́jọ lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Tí mo bá ti ń lò ó, ebi á máa pa mí ṣáá, oorun ò ní kùn mí, màá máa kanra mọ́ ìyàwó mi. Wọ́n ní ṣúgà mi ti ń gòkè. Mo fẹ́ jáwọ́ nínú gbogbo ohun tó ń jẹ́ sitẹ́rọ́ìdì, títí kan ti ìnhélà tí mi ò tilẹ̀ rántí lò déédéé, kí n kọjú sí àgbo. (Òṣìṣẹ́ alẹ́, Tallaght)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, bọ̀dá mi. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ ló jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ hóró náà: ebi, àìsùn, ìkanra, ṣúgà. Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé òògùn ló ń bá a jà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Hóró mẹ́jọ jẹ́ mílígíráàmù 40. Ọjọ́ márùn-ún, 200. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́dún kan, 1,000, ìyẹn gíráàmù kan gbáko. Ẹni tó ń fa maikirogíráàmù 400 lójúmọ́ láti inú ìnhélà yóò lo 500 ọjọ́ kó tó fa ìwọ̀n tí ẹ gbé mì láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ìwọ̀n lásán ni mo fi ṣírò o, agbára àwọn òògùn náà kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹ rí bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn alásímà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé bí àpapọ̀ hóró tí ènìyàn ti gbé mì bá ti ń tó ìdajì gíráàmù sí gíráàmù kan, ewu àtọ̀gbẹ, egungun tó ń tètè ṣẹ́ àti àìsàn ojú ti ń pọ̀ sí i. Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù lẹ̀ ń gbé mì, èyí tí ì bá gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ ń gbàgbé sínú àpò.

Síbẹ̀, ẹ má da hóró nù láàárín ọjọ́ tí wọ́n kọ. Nígbà tí ásímà bá dìde, òun ló ń gba ẹ̀mí là. Ẹ fi oúnjẹ gbé e, nígbà tí ẹ bá jí, kì í ṣe nígbà tí ẹ fẹ́ sùn. Ẹni tó bá lò ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kò gbọdọ̀ já a lójijì, nítorí ara ti gbàgbé bí a ti ń ṣe tirẹ̀. Ẹni tó ń gbà á léraléra bíi tiyín náà lè bọ́ sínú ewu yìí. Ẹ béèrè káàdì sitẹ́rọ́ìdì, tó ń sọ fún oníṣègùn pé ẹ ń lò ó, lọ́wọ́ dókítà, ẹ fi sí pọ́ọ̀sì.

Kí ló dé tó fi di ẹ̀ẹ̀marùn-ún? Ìbéèrè tí ẹ máa bá dókítà jókòó lé lórí nìyẹn. Níbí ní Dublin, ní Beaumont Hospital, Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Costello àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kékeré kan, INCA, tí wọ́n ń so mọ́ ìnhélà, tó ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ènìyàn ti ń ṣí i àti bó ti ń fà á. Lọ́dún 2023 ni wọ́n gbé èsì ìwádìí tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà ṣe jáde. Àwọn alásímà líle tí wọ́n fi ohun tí ẹ̀rọ náà gbọ́ tọ́ sọ́nà kò nílò òògùn tó lágbára sí i tó àwọn yòókù. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara yín. Ẹ mí jáde dáadáa, kì í ṣe sínú ìnhélà. Ẹ di ètè mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ alátíkè, ẹ fà á kíákíá pẹ̀lú agbára. Tó bá jẹ́ èyí tó ń fín, jẹ́jẹ́ ni kí ẹ fà á. Ẹ sé èémí fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí ẹ bá ń ṣe é dáadáa tí kò sì yí padà, ẹ ní kí wọ́n darí yín sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹ̀dọ̀fóró. Abẹ́rẹ́ wà báyìí, bíi mepolizumab, tó ń gba àwọn kan lọ́wọ́ hóró.

Ohun kan wà tí dókítà òyìnbó lè má ronú kàn, torí náà ẹ sọ fún un fúnra yín: ibi tí ẹ ti dàgbà, àti bóyá ẹ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ ẹrẹ̀ rí. Aràn wẹ́ẹ́rẹ́ kan, Strongyloides, máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, ó sì lè wà nínú ìfun fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ènìyàn mọ̀. Sitẹ́rọ́ìdì lè tú u sílẹ̀ kó gba gbogbo ara kan, ó sì ń pani. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn, òògùn rẹ̀ sì wà.

Ní ti àgbo, wọ́n ti bá sitẹ́rọ́ìdì nínú àwọn àpòpọ̀ kan rí tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ìgò. Èyí tó bá dá ásímà dúró wàrà lójú ẹsẹ̀, ẹ fura sí i.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, owó. Ìjọba Ireland ní ètò Long Term Illness tó ń fún alátọ̀gbẹ àti oníwárápá ní òògùn wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ásímà kò sí lára rẹ̀, ó sì ń bí mi nínú, pàápàá nílùú tí ásímà pọ̀ tó báyìí. Ẹni tí kò bá ní medical card, káàdì ìtọ́jú ti ìjọba, kó forúkọ sílẹ̀ fún Drugs Payment Scheme. Lábẹ́ ètò yẹn, láti ọdún 2022, ìdílé kan kì í san ju €80 lọ lóṣù fún òògùn.

ÌBÉÈRÈ: Sópúránò ni mí nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láti ìgbà tí mo ti ń lo ìnhélà aláwọ̀ èsè àlùkò, ohùn mi há. (Akọrin, Balbriggan)

ÌDÁHÙN: Òògùn tó kù sí ọ̀fun ló ń ṣe é. Ẹ máa fi omi fọ ẹnu, kí ó dé ọ̀nà ọ̀fun, kí ẹ tu ú dànù. Bí ohun funfun bá bo ahọ́n, ẹ fi han apòògùn, òògùn rẹ̀ kò le. Bí ohùn kò bá là, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè bọ́ sí èyí tó ń fín, tí ẹ ó máa fi spacer lò. Ẹ má dá a dúró nítorí ọjọ́ ìkórè.

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò mi ní Abẹ́òkúta ní kí n fi ìnhélà búlúù márùn-ún ránṣẹ́, pé ó ti wọ́n jù. Ṣé kí n rà á? (Ẹ̀gbọ́n, Clondalkin)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ló sọ. Láti August 2023 tí GSK, ilé iṣẹ́ olóògùn, ti kéde pé àwọn ń kó kúrò ní Nàìjíríà, owó ìnhélà wọn, Ventolin (búlúù yẹn) àti Seretide (tó ní sitẹ́rọ́ìdì nínú), fò sókè. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í pé búlúù mélòó ló tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ìgbà 200 ni ọ̀kan ń fín. Bó bá sọ pé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ásímà rẹ̀ kò sí lábẹ́ àkóso, búlúù márùn-ún yín yóò kàn máa bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ẹ fi owó dókítà ránṣẹ́, pẹ̀lú owó ìnhélà sitẹ́rọ́ìdì tí wọ́n bá kọ fún un níbẹ̀. Kí ó ní búlúù kan lọ́wọ́ fún ọjọ́ tí èémí bá há.